Ọwọ́ Tí Ó Rọ̀, Ọwọ́ Tí Ó Le: Ìtàn Apá Róbọ́ọ̀tì SCARA

Kíki irin tín-ín-rín bọ ihò tí ó ṣe wẹ́kú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré fún róbọ́ọ̀tì: bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, irin á há. Ní 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hiroshi Makino àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yamanashi, ilẹ̀ Japan, ṣe apá SCARA àkọ́kọ́. Apá náà rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì le láti òkè dé ìsàlẹ̀; ihò fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́ irin sọ́nà. Ní 1981, ó dé ọjà. A ṣàkíyèsí pé ọwọ́ oníṣẹ́ ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Bí àwa olùkọ́ bá wá fi àkọsílẹ̀ ojú pátákó rọ́pò iṣẹ́ ọwọ́, níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò ti mọ̀ ọ́n?