Bẹ́líìtì Tí Sójà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Rán

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fojú inú wo bẹ́líìtì awọ kan tó ti gbó. Wọ́n rán ojóbó awọ kéékèèké mọ́ ọn lára yí ká, ìrán rẹ̀ sì wọ́ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ẹ máa ní, "Ta ló máa fowó ra eléyìí?" Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń wá a lójú méjèèjì, torí sójà tó dè é mọ́dìí ló tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Nígbà ogun abẹ́lé wọn (1861 sí 1865), bébà ni wọ́n fi ń di ọta àti ẹ̀tù pọ̀, àpótí awọ tí wọ́n fi páànù pín inú rẹ̀ ni sójà sì ń kó o sí. Ogun parí, ìjọba ò fẹ́ náwó mọ́, àpótí kún ilé ìkẹ́rù fọ́fọ́. Wọ́n wá ń kó sójà lọ sí ìwọ̀ oòrùn láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Láti 1866 ni wọ́n ti ń yí ìbọn Springfield padà sí èyí tó ń lo ọta tó ní èèpo bàbà, àmọ́ àpótí àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń pín. Kí ni sójà á ṣe? Ó gé awọ, ó rán ojóbó mọ́ bẹ́líìtì, ó ki ọta bọ̀ ọ́. Ní 1866 kan náà, ọ̀gá sójà kan, Anson Mills, ní kí ẹni tó ń rán gàárì ní Fort Bridger ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun òun. Ìjọba ò ṣe tiwọn, oníkáńfáàsì, àfi ní 1876. Ọdún mẹ́wàá gbáko! (Ìjọba ni ìjọba ń jẹ́.)

Àmọ́ awọ náà ní ìjà tiẹ̀. Èròjà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kì í bá bàbà rẹ́: nǹkan aláwọ̀ ewé á hù sára ọta, èèpo ọta á sì há sínú ìbọn. Àwọn kan ní ohun tó pa Custer àti nǹkan bí 210 èèyàn rẹ̀ ní Little Bighorn nìyẹn, ní June 25, 1876. Èmi náà gbà á gbọ́, àfìgbà tí mo kà pé iná jó pápá ibẹ̀ ní 1983, táwọn awalẹ̀pìtàn sì walẹ̀ ní 1984. Nínú èèpo ọta tí wọ́n rí, díẹ̀ péré ló ní àpá pé wọ́n fi nǹkan yọ ọ́. Àwọn Lakota àti Cheyenne ló ṣẹ́gun, kì í ṣe bàbà.

Ẹni tó ń tú ìrán sójà kúrò, kí bẹ́líìtì lè rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́, ló ń bí mi nínú. Ní 1866 ni wọ́n dá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun adúláwọ̀ ẹlẹ́ṣin sílẹ̀, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ni, wọn ò mọ̀ọ́kọ, wọn ò fi lẹ́tà sílẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá fabẹ́rẹ́ kan bẹ́líìtì rí, ó lè jẹ́ ìyẹn nìkan ló kù tó jẹ́ tọwọ́ rẹ̀. Ẹ wá gbé síṣọ́ọ̀sì tì í?

Ayédèrú náà wà o. Bẹ́líìtì àtijọ́ kò wọ́n, abẹ́rẹ́ náà kò wọ́n. Torí náà, olùrà á yẹ inú ojóbó wò, bóyá ọta ti fẹ̀ ẹ́, bóyá àwọ̀ ewé bàbà ti wọnú awọ lọ. Lẹ́yìn náà, á tan irú iná tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báńkì sí i nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ òwú òde òní máa ń tàn yòò lábẹ́ rẹ̀.