Orúkọ Ìlú Lára Ìkòkò: Àwọn Amọ̀kòkò Àgbègbè Abuja àti Àpẹẹrẹ Ìlú Ọlọ́tí Àjàrà

Ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé ni àgbègbè tí à ń pè ní Champagne wà. Ẹni tí ó bá ti lọ síbi ìgbéyàwó àwọn olówó ní ìlú wa yóò ti rí ọtí tí ń jẹ́ orúkọ yìí, èyí tí ń hó nígbà tí a bá ṣí ìdérí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé orúkọ ilẹ̀ ni kí ó tó di orúkọ ọtí. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ni Champagne. Àwọn àgbẹ̀ ọlọ́gbà àjàrà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, oko ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Púpọ̀ nínú wọn a máa ta èso wọn fún àwọn ilé ọlọ́tí tí ó wà ní Reims àti Épernay. Ẹlòmíràn ń tọ́jú irúgbìn àjàrà, ẹlòmíràn ń kan àgbá, ẹlòmíràn ń ṣe ìgò. Wọ́n ń bá ara wọn du ọjà, síbẹ̀ wọ́n ń kọ́ ọgbọ́n lára ara wọn. Ohun tí gbogbo wọn jọ ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè dá ni, ni orúkọ ìlú tí a kọ sí ara ìgò.

Orúkọ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Ní 1908 ni ìjọba Faransé pààlà sí ilẹ̀ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn àgbẹ̀ tí ó wà nínú ààlà ń fi ẹ̀hónú hàn pé àwọn ọlọ́tí kan ń ra èso láti ibi jíjìnnà, wọ́n sì ń pe ọtí rẹ̀ ní Champagne. Nígbà tí ó di 1911, wọ́n dáná sun ilé àwọn ọlọ́tí ní ìlú Aÿ. Àwọn ará Aube tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn ààlà náà kò dákẹ́, òfin 1927 ni ó sì gbà wọ́n wọlé pátápátá. Ní 1935 ni ìjọba fi òfin gbé irú ètò yìí kalẹ̀ fún ọtí àjàrà gbogbo ilẹ̀ Faransé.

Àwa náà ní ọtí tí ó ní orírun. Ṣùgbọ́n ẹmu tí a dá láàárọ̀ a ti máa kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò sì lè rìn jìnnà débi tí orúkọ ìlú rẹ̀ yóò fi di òkìkí lókè òkun. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ wá irú ohun tí Champagne jẹ́ ní agbègbè olú-ìlú wa yìí, kì í ṣe ìdí ọ̀pẹ ni ó yẹ kí a lọ, bí kò ṣe ìdí amọ̀.

Alfred Marshall, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe àlàyé irú ibi báyìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1890. Sheffield, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ, wà lára ibi tí ó tọ́ka sí. Ohun tí ó sọ ni pé níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kan náà, àṣírí iṣẹ́ náà a dà bí ohun tí ó wà nínú afẹ́fẹ́, àwọn ọmọdé a sì máa kọ́ ọ láìmọ̀ pé àwọn ń kọ́ nǹkan kan. Giacomo Becattini, ará Ítálì, ni ó tún èrò yìí gbé dìde ní 1979. A ó máa pe irú ibi bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò oníṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Kò ṣe àjèjì sí Yorùbá: ẹni tí ó bá ti rìn dé Ìsẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, tàbí àdúgbò Dada ní Ìlọrin níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, kò nílò kí òyìnbó kankan là á yé òun.

Abuja àtijọ́

Abuja tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí kì í ṣe olú-ìlú tí a mọ̀ lónìí. Ìlú tí Abu Ja, ọmọ ọba Zazzau, tẹ̀ dó ní 1828 ni, òun náà ni a ń pè ní Suleja nísinsìnyí. Àwọn abúlé Gbagyi, tí àwọn Hausa ń pè ní Gwari, ni ó yí i ká. Láàrin wọn, iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ. Wọn kì í lo kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, amọ̀kòkò a sì máa yí ìkòkò rẹ̀ po bí ó ti ń gbé e ró. Gbangba ìta ni wọ́n ti ń sun ún, pẹ̀lú igi àti koríko gbígbẹ. Ọmọbìnrin a kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá tàbí àbúrò ìyá rẹ̀. Wọ́n a tún máa fi ohun mímú fín àwòrán alángbá, àkeekèé, ọ̀nì, ejò àti ẹja sí ara àmù kí amọ̀ tó gbẹ. Bí a bá fi òṣùwọ̀n Marshall wọ̀n ọ́n, àdúgbò oníṣẹ́ ni: ọgbọ́n wà káàkiri, ọjà wà nítòsí, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ni iṣẹ́ náà pin sí. Ohun tí kò ní ni orúkọ tí ó kọjá ọjà ọ̀sẹ̀.

Ní abúlé Kwali ni wọ́n ti bí Ladi, ní nǹkan bí 1925. Orúkọ tí àwọn Hausa ń sọ obìnrin tí a bí lọ́jọ́ Àìkú ni Ladi; Kwali ni ìlú rẹ̀. Àǹtí rẹ̀ ni ó kọ́ ọ níṣẹ́. Ìkòkò rẹ̀ dára débi pé ó wọ ààfin Ẹ́míà Abuja, Alhaji Suleimanu Barau. Níbẹ̀ ni Michael Cardew ti rí i ní 1950.

Cardew kì í ṣe ẹni kékeré nídìí amọ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Bernard Leach ni ní St Ives, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Achimota àti ní Vume Dugame lẹ́bàá odò Volta kí ìjọba amúnisìn tó gbà á sí Nàìjíríà. Abuja ni ó yàn láti dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ amọ̀kòkò sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí 1960. Ó kọ́ iléru tí a ń fi igi dá, tí ooru rẹ̀ lè mú ìkòkò le bí òkúta, ó sì kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń da ohun dídán bí i dígí bo ara rẹ̀ kí omi má baà rin jáde. Ohun tí ó yẹ kí a dúró lé díẹ̀ ni pé ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà, ó sì fi wọ́n sí ìdí kẹ̀kẹ́. Ìdí amọ̀ tí ó jẹ́ ti obìnrin ní gbogbo àyíká ibẹ̀ wá di ilé-ẹ̀kọ́ ọkùnrin. Ọdún 1954 ni Ladi Kwali wọlé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Halima Audu, Asibi Ido àti Kande Ushafa dé. Wọn kò fi ọ̀nà ìyá wọn sílẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń mọ ọ́n, wọ́n ṣì ń fín alángbá àti àkeekèé sí i. Iléru Cardew ni ó yí àwọ̀ àti líle rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí orúkọ wọ̀nyí: Kwali, Ido, Ushafa. Orúkọ abúlé ni wọ́n fi ń pe oníṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi orúkọ ilẹ̀ pe ọtí. Òǹtẹ̀ Abuja sì tún wà lára ìkòkò náà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹni tí ó mọ ọ́n. Irú àmì méjì báyìí náà ni à ń rí lára ìgò Champagne: ti ilẹ̀, àti ti ọlọ́tí. Nígbà tí wọ́n pàtẹ ìkòkò wọ̀nyí ní Berkeley Galleries ní London ní 1958, 1959 àti 1962, ìkòkò Abuja ni àwọn òǹrajà mọ̀ wọ́n sí. Ladi fúnra rẹ̀ rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1962 àti sí Amẹ́ríkà ní 1972, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wò ó bí ó ti ń yí ìkòkò po. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977.

Nígbà náà ni orúkọ dé. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ibi tí orúkọ dé sí kọ́ ni ọgbọ́n ń gbé. Ọgbọ́n wà ní Kwali, Ushafa àti Ido, lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Òǹtẹ̀ wà nínú ilé kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti ìjọba. Obìnrin tí ó jókòó sí abúlé rẹ̀ tí ó ń mọ àmù tí ó dára bí ti Ladi kò lè tẹ Abuja sí i lára. Kò ní owó tí yóò fi kọ́ iléru, èlò tí a ń pò fún dídán rẹ̀ kò sì sí lọ́jà. Cardew lérò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò padà sílé láti dá ebu tiwọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ibùdó náà sílẹ̀ ní 1965. Bí ilé ọlọ́tí kan bá kógbá wọlé ní Épernay, àgbẹ̀ yóò gbé èso rẹ̀ lọ sí òmíràn. Ní Abuja, kò sí òmíràn.

Orúkọ tí ó ṣí kúrò

Ní oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba ológun fi Òfin Kẹfà dá agbègbè olú-ìlú àpapọ̀ sílẹ̀, ó sì gba orúkọ Abuja fún un. Ìlú Abu Ja di Suleja. Wọ́n ní láti ara orúkọ Ẹ́míà Suleimanu ni a ti yọ ọ́. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí ohun tí èyí ṣe sí iṣẹ́ amọ̀. Ibùdó ìkọ́ṣẹ́ wà ní Suleja, tí ó jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Niger. Kwali, Ushafa àti Bwari bọ́ sínú agbègbè olú-ìlú, níbi tí òfin ti sọ gbogbo ilẹ̀, àti amọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, di ti ìjọba àpapọ̀. Ààlà gba àárín àwọn oníṣẹ́ kọjá. Ibi tí òǹtẹ̀ wà kò jẹ́ Abuja mọ́. Ibi tí ń jẹ́ Abuja kò ní òǹtẹ̀. Wọ́n sọ ibùdó Suleja ní orúkọ Ladi Kwali ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1990, èyí tí ó tọ́ sí i. Síbẹ̀ orúkọ ènìyàn kan ni, kì í ṣe orúkọ tí gbogbo amọ̀kòkò lè jọ jẹ́. Ó kú ní 1984.

Kò yẹ kí a rò pé òfin nìkan ì bá ti gba ọ̀rọ̀ náà là. Ọdún kan péré lẹ́yìn òfin Faransé ti 1935 ni ìjà àdìrẹ bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àwọn aláró ti ń fi sódà olóró àti aró òyìnbó rọ́pò èlú àti omi eérú, nítorí pé ó yá, ó sì dín owó kù. Àwọn òǹrajà ń ráhùn pé aṣọ ń já, pé àwọ̀ ń ṣí. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè é láti dáàbò bo orúkọ àdìrẹ Ẹ̀gbá. Àwọn aláró kò gbà: wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn, wọ́n gba lọ́yà, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní 1936. Òfin náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí Aláké fẹ́ kò burú, ó sì jọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ Aÿ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ní Aÿ, àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ni ó béèrè òfin, ní Abẹ́òkúta, láti òkè ni ó ti wá bá àwọn obìnrin tí gbèsè aṣọ ti wà lọ́rùn wọn. Orúkọ àdìrẹ kò tìtorí èyí parẹ́, nítorí pé Ìtòkú kò kúrò ní Abẹ́òkúta, àwọn aláró sì pọ̀ ju ẹni tí ìjọba lè gbà síṣẹ́ lọ.

Àwọn amọ̀kòkò ṣì wà ní Ushafa àti Bwari, wọ́n sì ti dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí olú-ìlú ti dé. Láti 2007, àwòrán Ladi Kwali nídìí ìkòkò rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Òfin Àmì Ìṣòwò ti 1965 fi àyè sílẹ̀ fún àmì ìjẹ́rìí tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ lè jọ máa lò, bí ẹgbẹ́ kan bá fi ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó kù láti pinnu ni orúkọ tí wọn yóò tẹ̀ sí ara ìkòkò, nítorí pé bí amọ̀kòkò Kwali bá tẹ Abuja sí i lónìí, ẹni tí ó rà á yóò rò pé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ti wá.