Bárakú Oògùn Olóró àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Bárakú oògùn olóró jẹ́ àìsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè jáwọ́ nínú igbó, kodéènì, tramadol tàbí ọtí, bó tilẹ̀ ń fojú ara rẹ̀ rí i pé ó ń ba iṣẹ́ àti ilé òun jẹ́. Ìwádìí ọdún 2018 lórí ìlò oògùn olóró ní Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lò ó láàárín ọdún kan. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2018 kan náà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de oògùn ikọ́ olómi tó ní kodéènì. Òfin dára, àmọ́ kò lè wo ẹni tó ti wọ̀ lára sàn.

Ọpọlọ ni àìsàn yìí ń dà rú. Bí oògùn bá ti ń mú inú dùn lódìlódì, ọpọlọ á mọ́ ọn lára, ìwọ̀n àná kò ní tó mọ́. Ẹni tí kò bá rí kodéènì rẹ̀ mu á máa yán ṣáá, omi á máa dà lójú àti nímú rẹ̀, inú á máa ṣí i, eegun á máa ro ó, kò sì ní rí oorun sùn. Ẹbí a máa rò pé ó ń díbọ́n ni. Ti ọtí tún burú jù: ẹni tó ti ń mu ògógóró láràárọ̀ fún ọdún pípẹ́, bó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ìkà ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹgba tí àwọn kan fi ń “wo” irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Dókítà ọpọlọ á kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń lò, bó ṣe pọ̀ tó, àti ìgbà tó lò ó kẹ́yìn. Á wò bóyá ìbànújẹ́ ọkàn ló tì í débẹ̀. Wọ́n á wá fi oògùn mú ìnira ìjáwọ́ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni agbaninímọ̀ràn á jókòó tì í, kí wọ́n jọ wá ohun tó máa ń fa ọkàn rẹ̀ padà, ì báà ṣe ọjọ́ owó oṣù tàbí gáréèjì tí wọ́n ti ń ta paraga. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé lọ́dún 1954, ní ẹ̀ka fún irú ìtọ́jú yìí.

Ọ̀sẹ̀ tí aláìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé léwu púpọ̀. Ara rẹ̀ kò gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Bó bá padà sí i, èémí rẹ̀ lè dúró. Nítorí náà ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ oṣù. Naloxone, oògùn tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ tàbí fín sí imú, lè dá èémí ẹni tí kodéènì tàbí heroin fẹ́ pa padà bí wọ́n bá tètè lò ó, ṣùgbọ́n kò ran ti ọtí.