Ọ̀rọ̀ fún Iṣẹ́ Ilẹ̀kùn Yàrá

Ohun tí káfíńtà ń ṣe ló yẹ kí ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ilẹ̀kùn kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí orúkọ ohun èlò tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò wọ́n níbẹ̀: káfíńtà á wọn ẹnu-ọ̀nà, á fá etí pákó, á gbẹ́ àyè híǹjì, á sì gbé ilẹ̀kùn kọ́. Férémù tí kò dúró ṣánṣán ti gbun. Ilẹ̀kùn tí kò pa dé wẹ́rẹ́ ti há nìyẹn. Ní Akọka àti Bàrígà, létí ọ̀sà Èkó, igi máa ń wú lásìkò òjò, nítorí náà ni àlàfo bíi mílímítà 3 ṣe gbọ́dọ̀ wà láàárín ilẹ̀kùn àti òpó.

Ẹnu-ọ̀nà ti lórúkọ tipẹ́. Igi òkè ni àtẹ́rígbà, ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni òpó, Bíbélì Yorùbá sì lò wọ́n nínú ìtàn Ìrékọjá. Ẹni tó bá tún ń wá ọ̀rọ̀ tuntun fún àtẹ́rígbà kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ilẹ̀kùn ń gbára lé bó bá pa dé ló ṣòro láti fún lórúkọ. “Ìfẹ̀yìntì” ì bá bá a mu, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gbà á lọ. “Ìgbàlẹ̀kùn” kúrú, ó sì yé ni.

Híǹjì ni àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù. Ilẹ̀kùn àtijọ́ kò ní in: ara pákó náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ igi tó yọ lókè àti nísàlẹ̀, tí ilẹ̀kùn fi ń yí nínú ihò. Irú rẹ̀ ni agbẹ́gilére Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, tó wà ní British Museum lónìí. Àwọn kan fẹ́ “àgbékọ́”, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń gbé nǹkan kọ́ nìkan lọ̀rọ̀ yẹn sọ, kò sọ pé ó ń yí. Híǹjì ni ọmọ-iṣẹ́ ń pè é. Kó máa jẹ́ híǹjì. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ló nílò ọ̀rọ̀: abala irin méjèèjì lè jẹ́ ìyẹ́, ibi tí wọ́n ti pàdé lè jẹ́ oríkèé, ọ̀pá àárín sì lè jẹ́ ọ̀pá oríkèé. Ọ̀gá lè wá sọ fún ọmọ-iṣẹ́ pé kó gbé híǹjì òkè sí íǹṣì 6 sí orí ilẹ̀kùn, ti ìsàlẹ̀ sí íǹṣì 9 sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ìyẹ́ méjèèjì rì sínú igi, kí oríkèé nìkan yọ síta.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ káfíńtà kò sí níbẹ̀. Akọka sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà láti 1967. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ to irú ọ̀rọ̀ báyìí jọ fún wọn, kó kọ́kọ́ kà á sí káfíńtà Bàrígà létí kó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú.