Nígbà Tí Orúkọ àti Fáìlì Bá Kọ Ara Wọn Sílẹ̀

Ẹni tó bá ti gba káàdì ní ilé ìwòsàn ìjọba rí kò ní í pẹ́ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ lè máa jẹ́ Àdùkẹ́, ẹ lè máa jẹ́ Àlàbí, akọ̀wé tó wà nídìí fèrèsé kò bá ti orúkọ lọ. Nọ́ńbà tó wà lára káàdì ló máa mú wọ yàrá fáìlì. Nọ́ńbà ló mọ ibi tí fáìlì yín wà. Orúkọ yín wà nínú ìwé ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, kí wọ́n lè bá yín wá a bí káàdì bá sọnù. Bí ẹni tó ń kọ ìwé ńlá bá wá ṣi nọ́ńbà kọ ńkọ́? Ẹ ó jókòó síwájú dókítà, fáìlì ẹlòmíràn ló máa ṣí, oògùn ẹlòmíràn ni yóò sì kọ fún yín.

Irú ètò yìí náà ni kọ̀ǹpútà ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ nìkan ló ń fi hàn wá. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ nínú Unix, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí àwòṣe rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń gbé kiri lónìí, kí a sì sọ ti àwọn tó ń fọwọ́ tún un ṣe nígbà tó bá dàrú.

Ọdún 1969 ni, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Murray Hill, New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Multics, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ́ràn Multics sì wá dà bí ọmọ tí a gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn, Ken Thompson, Dennis Ritchie àti Rudd Canaday, dúró ti pátákó ìkọ̀wé, wọ́n ń ya bí wọ́n ṣe fẹ́ kí fáìlì máa wà nínú dísìkì. Lẹ́yìn náà ni Thompson rí PDP-7 kan, ẹ̀rọ àtijọ́ tí àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́, ó sì gbé ètò náà kà á lórí.

Ìpinnu tí wọ́n ṣe ni pé orúkọ fáìlì kò ní í sí lára fáìlì. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì ní àkọsílẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní inode. Inode yìí ló mọ ẹni tó ni fáìlì, bó ṣe tóbi tó, ibi tí ègé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí dísìkì, àti iye orúkọ tó ń jẹ́. Kí ni orúkọ náà fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìwé orúkọ ló wà fún ìyẹn, kò sì sí ohun mìíràn nínú ìwé orúkọ ju orúkọ àti nọ́ńbà lọ: nínú Unix àárín àwọn ọdún 1970, nọ́ńbà gba àyè lẹ́tà 2, orúkọ gba àyè lẹ́tà 14, ó parí. Wọ́n bi Ritchie ní ọdún 2002 pé kí ni ìtumọ̀ “i” tó wà níwájú inode, ó ní òun náà kò mọ̀ dájú mọ́, àfi kí òun méfò. Ẹni tó wà níbi ìkómọ nìyẹn o!

Kò yẹ kí ètò yìí ṣòro fún Yorùbá. Bàbá pe ọmọ ní Adéwálé, ìyá pè é ní Olúṣeun, Àkànní ni ìyá àgbà ní tòun. Ọmọ kan náà ni. Fáìlì Unix lè ní orúkọ mẹ́ta níbi mẹ́ta, kò sì sí èyí tó jẹ́ ojúlówó ju èkejì lọ. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ pa fáìlì rẹ́, orúkọ kan ló ń yọ kúrò nínú ìwé. Ìgbà tí iye orúkọ bá di òdo ni fáìlì tó kú, tí wọ́n á gba àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹwà ètò yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti pín sí méjì lè kọ ara wọn sílẹ̀. Ẹ̀rọ kì í sáré kọ gbogbo nǹkan sórí dísìkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń kó o pamọ́ sínú iyè rẹ̀, ètò kékeré kan sì ń rán an létí ní ìṣẹ́jú-àáyá 30-30 pé kó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa tí a mọ bí iná ṣe ń lọ láìdágbére kò nílò àlàyé púpọ̀. Iná lọ, ìwé orúkọ ti gba orúkọ tuntun, inode kò tíì sí. Tàbí kí inode ti wà, kí orúkọ má tíì dé ìwé. Ó tún lè jẹ́ pé fáìlì méjì ń jà sí ègé dísìkì kan ṣoṣo, tí oníkálukú ń sọ pé òun ló ni ín.

Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Alábòójútó ẹ̀rọ jókòó, ó ń tẹ àṣẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn ẹ̀rọ á sì máa jáde lórí bébà. Irin-iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ icheck ń ka ègé dísìkì, kó lè mọ èyí tí ẹni méjì dì mú àti èyí tí kò ní olówó. Iṣẹ́ dcheck ni láti ka orúkọ, kó fi wé iye tí inode sọ. Bí ẹ bá mọ nọ́ńbà tí ẹ kò mọ orúkọ, ncheck ni ẹ máa bi. Ẹ̀kẹrin ni clri, òun ni apànìyàn àárín wọn.

Ẹ wo dcheck dáadáa. Bí inode bá ní orúkọ mẹ́ta ni òun ń jẹ́, tí a sì rí méjì péré, wàhálà kékeré ni. Fáìlì náà kò ní í lè kú, yóò kàn máa gba àyè lásán. Ṣùgbọ́n bó bá ní méjì ni, tí a wá rí mẹ́ta níta, ẹ má sùn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pa orúkọ méjì rẹ́, ẹ̀rọ á ní fáìlì ti kú, á pín ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, orúkọ kẹta á sì dúró síbẹ̀, tí yóò máa tọ́ka sí ilé onílé.

Òdo ni clri ń kọ bo inode mọ́lẹ̀. Fún fáìlì tí kò ní orúkọ níbì kankan ni wọ́n ṣe é. Ìwé ìlò Unix fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa ẹni tó bá lò ó fún fáìlì tó ṣì lórúkọ, tó wá gbàgbé láti lọ yọ orúkọ náà. Nọ́ńbà yẹn á bọ́ sọ́wọ́ fáìlì tuntun, orúkọ àtijọ́ á wá máa pe ọmọ ọlọ́mọ ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan ẹ ó rí orúkọ àtijọ́ náà, ẹ ó ní kí ni eléyìí ń ṣe níbí, ẹ ó pa á rẹ́. Fáìlì tuntun lẹ pa yẹn. Orúkọ tuntun wá di orúkọ tí kò ní fáìlì, ọ̀rọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fi icheck tún dísìkì tí ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́ ṣe, àkọsílẹ̀ tuntun ti wà lórí dísìkì, ṣùgbọ́n èyí tó bàjẹ́ ṣì wà nínú iyè ẹ̀rọ. Bí ẹ bá wá fi ìwà pẹ̀lẹ́ ti ẹ̀rọ náà pa, yóò kọ́kọ́ da ti inú iyè rẹ̀ sórí dísìkì, àtúnṣe yín á sì wọmi. Ẹ gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, kí ẹ tún un tan, láìjẹ́ kó rí àyè kọ nǹkan kan. Àfi kí èèyàn ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ kó tó lè tọ́jú ilé.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni Ted Kowalski ní Bell Labs kó iṣẹ́ irin-iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ sínú ọ̀kan ṣoṣo, fsck. Fsck ń yẹ dísìkì wò láti ìpele dé ìpele, bó bá sì rí ohun tó wọ́, á béèrè kó tó fọwọ́ kàn án: ṣé kí n tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Fáìlì tí kò ní orúkọ kì í ṣe ẹni pípa lójú rẹ̀. Á gbé e lọ sí ìwé orúkọ kan tó ń jẹ́ lost+found, níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ ti máa di orúkọ rẹ̀ títí olówó rẹ̀ á fi wá wò ó. Alábòójútó ló gbọ́dọ̀ ti pèsè yàrá yẹn sílẹ̀, torí kò bójú mu kí fsck máa wá àyè tuntun lórí dísìkì tó ti dàrú. Nítorí náà wọ́n á ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ fáìlì síbẹ̀, wọ́n á sì pa gbogbo wọn rẹ́, kí ìjókòó òfìfo lè pọ̀ dúró de ọmọ tó bá sọnù.

Nígbà tí Marshall Kirk McKusick àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley tún ètò fáìlì Unix kọ, tí wọ́n sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1984, inode ni wọ́n ń jẹ́ kó kọ́kọ́ dé orí dísìkì, kí orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ ló máa kù sílẹ̀, fsck á sì gbé e lọ sí lost+found. Orúkọ tí kò lọ́mọ ni ẹlòmíràn lè wá jẹ. Nígbà tí dísìkì wá tóbi, fsck bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ jù. Àwọn ètò mìíràn wá ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sínú ìwé kékeré kan kí wọ́n tó ṣe é, bíi ext3 tó wọ Linux ní 2001.

Àwọn onídátábéèsì náà jẹ nínú ìyà yìí. Nínú IDS, tí Charles Bachman ṣe ní General Electric ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àkọsílẹ̀ kan ló ń tọ́ka sí èkejì bí ẹ̀wọ̀n. Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose, kọ ọ́ ní Okúdù 1970 pé kí a yé fi ibi tí nǹkan wà mọ nǹkan. Ó ní ohun tí a kọ síbẹ̀ gan-an ni ká fi máa wá a. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lékè. Síbẹ̀ fáìlì ṣì wà nísàlẹ̀, fáìlì sì ní orúkọ àti nọ́ńbà.

Oracle ní ìwé ìṣàkóso kan tó kọ orúkọ gbogbo fáìlì rẹ̀ sí. Bí ẹ bá gbé fáìlì kúrò ní ipò, ẹ gbọ́dọ̀ fi àṣẹ sọ fún ìwé náà, àṣẹ ọ̀hún kì í sì í gbé fáìlì fúnra rẹ̀. Dátábéèsì kọ̀ọ̀kan tún ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, DBID. Bí ẹnì kan bá ṣe ẹ̀dà dátábéèsì kan lọ́wọ́, ìbejì méjì á jọ máa jẹ́ nọ́ńbà kan. RMAN, tó ń bójú tó ẹ̀dà ìpamọ́, nọ́ńbà yẹn ló fi ń dá wọn mọ̀, kò sì ní í gba méjèèjì sínú ìwé kan náà. Tẹ́lẹ̀, ẹ lè yí orúkọ padà bí ẹ bá tún ìwé ìṣàkóso kọ, ṣùgbọ́n kò sọ́nà àtiyí nọ́ńbà. Nígbà tí Oracle 9i ìtẹ̀jáde kejì dé ní 2002 ni àṣẹ kékeré kan tó ń jẹ́ nid dé. Ẹ ó kọ́kọ́ ti dátábéèsì pa ní mímọ́, ẹ ó tan án ní àtanàìṣí, ẹ ó tẹ nid. Òun náà á béèrè bóyá ó dá yín lójú, bí ẹ bá sì tẹ bọ́tìnnì láìdáhùn, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa kà á sí. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á kọ nọ́ńbà tuntun sórí fáìlì kọ̀ọ̀kan. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, gbogbo ẹ̀dà ìpamọ́ tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ kò wúlò fún un mọ́, nítorí náà, bí àwọn tó mọṣẹ́ bá ti ṣí i báyìí, ẹ̀dà tuntun ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.