Ìgbàlà Lọ́wọ́ Kí Ni? Ọ̀rọ̀ Kan nínú Ìgbàgbọ́ Àwọn Ìjọ tí Kò Ní Ẹ̀yà

Ní àdúgbò Marshalltown, ní àárín gbùngbùn ìlú Johannesburg, wọ́n kọ́ ilé alájà márùn-ún kan sí 80 Albert Street. Lábẹ́ ìjọba apartheid, ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà àwọn aláwọ̀ dúdú ni ilé náà. Níbẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń tò kí wọ́n lè gba òǹtẹ̀ tí yóò fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ àti láti sùn nínú ìlú. Ẹni tí kò bá rí òǹtẹ̀ gbà di arúfin. Òfin ìwé ìrìnnà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1986. Lẹ́yìn tí ìjọba apartheid wó, ẹgbẹ́ Kristẹni kan gba ilé yìí lọ́wọ́ ìjọba ìlú, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìsádi fún àwọn obìnrin àti ọmọdé tí ìyà ń jẹ nínú ilé wọn. Orúkọ tí ilé náà wá ń jẹ́ ni Usindiso. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Zulu ni ìgbàlà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí. N kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn. Ẹ̀dá-èdè ni mo fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí mo sì rí nínú ìtàn yìí, ojú ẹ̀dá-èdè ni mo fi rí i.

Ẹni tí ó bá ti wọ àwọn ìjọ tí ó ń sọ pé àwọn kò sí lábẹ́ ẹ̀yà kankan yóò ti mọ ìwé pélébé tí wọ́n máa ń fi lé àlejò lọ́wọ́. Àkọlé rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ Ohun tí A Gbàgbọ́. Yálà ní Johannesburg ni o, ní Ìbàdàn ni, tàbí ní London, ohun kan náà ni a ó bá nínú rẹ̀: pé Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta, pé Ọlọ́run ni ó mí sí Bíbélì, pé wúńdíá ni ó bí Jésù, pé ó kú, ó sì jíǹde, pé oore-ọ̀fẹ́ nípa ìgbàgbọ́ ni a fi ń rí ìgbàlà, pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú onígbàgbọ́, pé Jésù ń padà bọ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, wọn kì í sọ̀rọ̀ ìwé àdúrà. Wọ́n gbà pé bí a bá ti bó èèpo tí àwọn ẹ̀yà ìjọ fi bo igi, ara igi gan-an ni yóò kù, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jà lórí ara igi.

Ṣùgbọ́n èdè kì í jẹ́ kí a bó èèpo tán. Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi nìkan. Bíbélì Mímọ́ tí ó gbajúmọ̀ jù láàárín wa yá ọ̀rọ̀ lò, ó ní baptisi. Àwọn Áńgílíkà ń wí pé ìrìbọmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwọ́n omi sí orí ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe, tí kò sí ohun tí ó rì. Àwọn mìíràn ní ìtẹ̀bọmi, wọ́n tẹra mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di orúkọ ìjọ wọn, Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìjọ tí kò ní ẹ̀yà yóò mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọjọ́ tí ó bá sì mú un, àwọn àgbà inú ìlú yóò ti mọ ilé tí ó ti jáde.

Ti ìgbàlà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbà...là wà lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí àbọ̀ wọn máa ń bọ́ sí àárín: a gba ọmọ náà là. Gbà...gbọ́ náà rí bẹ́ẹ̀: mo gbà á gbọ́. Ìyá kan náà ni ó bí ìgbàgbọ́ àti ìgbàlà, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò bára mu. Ẹni tí ó bá sọ pé òun gba Ọlọ́run gbọ́ ti sọ̀rọ̀ tán. Ẹni tí ó bá sọ pé Ọlọ́run gba òun là ṣì jẹ wá ní gbèsè: lọ́wọ́ kí ni? Lọ́wọ́ odò ni, lọ́wọ́ ogun ni, tàbí lọ́wọ́ àìsàn? Gírámà kò fi dandan lé e pé kí a sọ ọ́, síbẹ̀ àyè náà wà, etí olùgbọ́ sì ń retí ohun tí yóò bọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Zulu. Sinda ni pé kí ènìyàn bọ́ nínú ewu tàbí kí ara rẹ̀ yá lẹ́yìn àìsàn; bí a bá fi -is- kún un, ó di sindisa, mímú kí ẹlòmíràn bọ́; láti ibẹ̀ ni a ti ṣẹ̀dá usindiso. Nínú èdè méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà ti mọ ara kí ó tó mọ ọkàn. Bíbélì Zulu jáde lódindi ní 1883, ti Yorùbá ní 1884. Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó ṣe olórí iṣẹ́ ti Yorùbá, mọ ohun tí là ń jẹ́. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì já a gbà lójú òkun ní 1822.

Èrò mi ni pé inú àyè tí ó ṣófo lẹ́yìn lọ́wọ́ yìí ni ẹ̀yà máa ń sá pamọ́ sí. Bí ìjọ kan bá sọ pé òun kò ní ẹ̀yà, ẹ bi í léèrè ohun tí ó fi dí àyè náà.

Marshalltown fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1886, ọdún tí wọ́n rí wúrà. Henry Brown Marshall, tí ó fi ilẹ̀ náà lélẹ̀, ni a fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ó ń wa wúrà kọ́ ọ́fíìsì wọn sí. Àwọn tí ó ń wa wúrà náà kì í gbé níbẹ̀. Inú ọgbà ni wọ́n há wọn mọ́ lẹ́bàá kòtò kùsà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá láìmú aya lọ́wọ́. Àwọn ọgbà wọ̀nyí ni lọ́yà kan tí ó ti Natal wá, Albert Weir Baker, fi ṣe pápá ìwàásù nígbà tí ó dá South African Compounds and Interior Mission sílẹ̀ ní 1896. Kì í ṣe ẹ̀yà ìjọ kan ni ó rán an. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ó fi dí àyè wa: ọtí, àgbèrè, ìjà. Kò fi ọgbà àhámọ́ náà kún un.

Baker yìí kan náà ni ó gbìyànjú láti sọ Mohandas Gandhi di Kristẹni. Ní 1893, Pretoria ni àwọn méjèèjì wà lórí ẹjọ́ oníṣòwò kan. Baker mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọ ìpàdé àdúrà tí àwọn kan ń ṣe ní agogo kan ọ̀sán lójoojúmọ́, ó sì mú un lọ sí àpéjọ ńlá ní Wellington ní ìhà Cape. Gandhi kọ ìtàn náà sílẹ̀ nínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ Plymouth Brethren kan ṣàlàyé fún un pé a kò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ayé yìí, pé ẹ̀bi rẹ̀ ni Jésù ti bá wa rù. (Àwọn Brethren náà kò gbà pé ẹ̀yà ni àwọn jẹ́.) Gandhi fèsì pé kì í ṣe ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀ ni òun ń wá ìgbàlà kúrò nínú rẹ̀, bí kò ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Ohun tí ó tẹ̀ lé lọ́wọ́ ni ó yàtọ̀. Ní 1903, Gandhi ṣí ọ́fíìsì sí igun Rissik àti Anderson ní Johannesburg, níbi tí ó ti ń gba ẹjọ́ àwọn Íńdíà tí òfin ìwé ìrìnnà ń ni lára. Gandhi Square ni wọ́n ń pe gbàgede tí kò jìnnà sí ibẹ̀ lónìí.

Ìran mìíràn dé ní 1908. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, John G. Lake àti Thomas Hezmalhalch, gúnlẹ̀ sí Johannesburg pẹ̀lú iná ìsọjí Azusa Street. Gbọ̀ngàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Doornfontein ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti rọ̀ fún wọn, nítorí láti 1904 ni àwọn oníwàásù Zion, ìjọ John Alexander Dowie tí ó ń fi àdúrà wòsàn ní Amẹ́ríkà, ti ń ri àwọn ènìyàn bọ omi ní Wakkerstroom, lọ́dọ̀ Pieter le Roux. Àwọn wọ̀nyí fi àìsàn kún àyè náà. Ẹni tí ń sọ Zulu kò rí ohun àjèjì nínú èyí. Sinda ti ń wo ara sàn kí òyìnbó tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, dúdú àti funfun ń jọ́sìn pọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìjọ Apostolic Faith Mission, tí wọ́n tilẹ̀ ya ìrìbọmi wọn sọ́tọ̀. Kókó ìgbàgbọ́ kankan kò sọ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó mú kí n máa kìlọ̀ fún àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má ṣe fi ìwé ohun tí a gbàgbọ́ nìkan kọ́ ìtàn ìjọ. Ìjókòó inú ilé ìsìn náà jẹ́ ìwé kíkà. Nínú àwọn ẹ̀ka tí ó ti ibẹ̀ yọ ni Engenas Lekganyane ti jáde, tí ó dá Zion Christian Church sílẹ̀ ní nǹkan bí 1924.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ènìyàn tí kò mọ Johannesburg rí dé ibi kan náà. Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn infúlúẹ́ńsà gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan, tí Joseph Ṣàdáre ṣe olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àdúrà. St Saviour's ni orúkọ ìjọ wọn, ìyẹn ìjọ Olùgbàlà. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, ní Ẹ̀mí fi hàn òun pé omi òjò àti àdúrà ni kí wọ́n fi wo àrùn náà. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n wá ń pe ara wọn. Wọ́n bá àwọn aláṣẹ ìjọ Áńgílíkà jà lórí oògùn àti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, wọ́n sì kúrò ní 1922. Ìwé ìròyìn tí Faith Tabernacle ń fi ránṣẹ́ láti Philadelphia ni ó fún wọn ní àwọn kókó ìgbàgbọ́ tí wọ́n ń lò. Ó yà mí lẹ́nu títí dòní pé lẹ́tà ni wọ́n fi dá ìjọ. Lẹ́yìn ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà ní 1930, wọ́n pe àwọn òyìnbó Apostolic Church wá láti Bradford. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń lo kuiníìnì. Lójú àwọn tí ó ti kọ oògùn sílẹ̀, ẹni tí ń gbé kuiníìnì mì ti yí ohun tí ó wà lẹ́yìn lọ́wọ́ padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìgbàgbọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n pínyà; ìjọba sì forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ ní 1943.

Ní oṣù Kẹjọ 1973, William Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, kó ènìyàn 15 jọ sínú ilé rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọmọ ìjọ yòówù ni ó lè wá, kí ó sì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní 1982, ó di ìjọ tí ń ṣe ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tirẹ̀. Àwọn Deeper Life ka ẹ̀kọ́ Bíbélì 22. Ọ̀kan nínú wọn ni dídá ohun tí a jí padà fún olówó rẹ̀: ẹni tí a gbà là yóò dá gọ̀ǹgọ̀ tí ó jí padà, yóò jẹ́wọ́ máàkì tí ó fi èrú gbà. Kò wọ́pọ̀ nínú ìwé pélébé àwọn ìjọ mìíràn, mo sì gbà pé òun ni ó ṣòro jù. Òfin tí South Africa ṣe ní 1994, pé kí a dá ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú padà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó wà ní orí rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn oníwàásù mìíràn ti rí là kejì, èyí tí ó ń jẹ́ dídi ọlọ́rọ̀. Olùkọ́ gírámà lè sọ pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo ti jókòó sí ibi tí gbogbo ìjọ ti fi ìdùnnú gbà pé ọ̀kan ni wọ́n, tí òṣì sì gba àyè ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Albert Street. Obìnrin tí ó sá wọ Usindiso pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mọ ohun tí ó tẹ̀ lé lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó nílò láti kọ ọ́ sí ìwé fún un. Ẹ̀ṣẹ́ ọkọ ni, òru ìgboro ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, iṣẹ́ ibi ìsádi náà dẹnu kọlẹ̀, àbójútó ilé bọ́ lọ́wọ́ ẹni gbogbo, àwọn tí kò rílé gbé sì kún inú rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ àti àlejò láti Malawi, Tanzania àti ibòmíràn. Pákó àti páálí ni wọ́n fi pín yàrá. Ní òru tí ó mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2023, iná sọ. Àwọn ilẹ̀kùn àbájáde wà ní títì. Ènìyàn 76 ni ó kú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Sisi Khampepe darí jábọ̀ ní 2024 pé ìjọba ìlú, tí ó ni ilé náà, ní ẹ̀bi nínú rẹ̀.

Àwọn kan bẹ́ láti ojú fèrèsé, wọn kò sì kú. Ní Yorùbá, a ó pè wọ́n ní àwọn tí ó là. Ní Zulu, abasindile ni wọ́n, ọ̀rọ̀ tí ó ti ara sinda jáde, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ìjọ ń lò fún àwọn tí a gbà là.