Bí wọ́n ṣe ń mọ jíìnì tó ń gba ẹ̀fọn lọ́wọ́ oògùn

Ní Ailegun, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, kì í ṣe ohun tuntun kí ènìyàn fín oògùn ẹ̀fọn, kí ẹ̀fọn sì tún máa kùn sí i létí lóru. Gbogbo ìgbà kọ́ ni ayédèrú oògùn ń fà á. Ẹ̀fọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń ba májèlé náà jẹ́ kó tó pa á.

Lọ́dún 2002 ni àwọn onímọ̀ tẹ àkójọ àbùdá Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, jáde. Lára rẹ̀ ni àwọn olùwádìí Liverpool School of Tropical Medicine àti ẹlẹgbẹ́ wọn ti ṣa jíìnì 230 tí wọ́n fura sí, tí wọ́n sì tò wọ́n sójú awẹ́ gíláàsì kan lọ́dún 2005. Detox chip ni wọ́n pè é.

Ṣíṣà náà gan-an ni iṣẹ́. Okùn DNA kúkúrú tó dúró fún jíìnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò sí lára jíìnì mìíràn. Èyí kò rọrùn, nítorí pé àwọn jíìnì P450, tó lé ní ọgọ́rùn-ún lára ẹ̀fọn yìí, jọra bí ọmọ ìyá. Bí okùn ẹ̀gbọ́n bá ń gba ti àbúrò mọ́ra, èsì dàrú. Ìwọ̀n ooru tí okùn kọ̀ọ̀kan fi ń so mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ra, wọ́n sì máa ń to okùn kan náà sí ojú mélòó kan, kí àbàwọ́n kan má baà tàn wọ́n jẹ.

Jíìnì tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń mú RNA jáde. Wọ́n á yọ RNA ẹ̀fọn tí oògùn kò ràn àti ti èyí tí oògùn ń pa, wọ́n á ṣe ẹ̀dà wọn, wọ́n á fi aró pupa kun ọ̀kan, aró aláwọ̀ ewé kun èkejì, wọ́n á sì da méjèèjì pọ̀ sójú gíláàsì. Ẹ̀rọ ló máa ka ìmọ́lẹ̀ tó bá jáde: ibi tí méjèèjì bá ti dọ́gba á pọ́n bí ìyeyè. Wọ́n tún máa ń pààrọ̀ aró náà, nítorí ọ̀kan lè mú ju èkejì lọ, ohun tí aláró Abẹ́òkúta kankan kò ní jiyàn sí.

Lọ́dún 2008, Rousseau Djouaka àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gíláàsì yìí yẹ ẹ̀fọn wò láti gúúsù Benin àti Nàìjíríà: oko ẹ̀fọ́ Akron l'Àjàṣẹ́, Gbèdjromédé ní Kútọnu, àti ibi tí epo bẹntiróòlù àti irú rẹ̀ ti dà sómi. Jíìnì méjì, CYP6P3 àti CYP6M2, ni wọ́n bá tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù ní ju ibìkan lọ. Lọ́dún náà ni àwọn mìíràn fi hàn pé ohun tí CYP6P3 ń pèsè máa ń fọ́ pyrethroid sí wẹ́wẹ́, oògùn tó wà lára àwọ̀n apẹ̀fọn gbogbo nígbà náà. Irú ìmọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí wọ́n fi PBO, tó ń dè P450 lọ́wọ́, kún oògùn àwọ̀n. Ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn rẹ̀ fún ibi tí ẹ̀fọn ti le koko.

Gíláàsì náà kò lè rí jíìnì tí wọn kò tò sójú rẹ̀. Lónìí, kíka RNA tààrà ló ti gba ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀.